Ta Ni Afẹ́fẹ́ Ń Bá Jà, Ọwọ́ Yín Tàbí Férémù? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Yíyan Alùpùpù Ìrìn Àjò

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ gun alùpùpù wá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wá èyí tí ẹ máa rà, ẹ kú ìmúra.

Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ fi àsìkò yìí tú. Ìbéèrè náà kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń fi alùpùpù ńlá rin ọ̀nà jíjìn ní Amẹ́ríkà: tí èèyàn bá fẹ́ ra Harley-Davidson ìrìn àjò, ṣé Street Glide ni kó rà ni, àbí Road Glide? Ojú ni ọ̀pọ̀ fi ń yan. Wọ́n á ní èyí ló wu àwọn, ìyẹn ò dára lójú àwọn. Ẹwà ò burú, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kó owó ńlá lé ohun tí kò wù ú. Àmọ́ ojú nìkan kọ́ ló ń gun alùpùpù. Ọwọ́ ń gùn ún, èjìká ń gùn ún, ọrùn àti etí náà ń gùn ún. Tí ẹ bá ti rin wákàtí mẹ́rin lórí ọ̀nà márosẹ̀, àwọn ni wọ́n máa sọ fún yín bóyá ẹ yàn án ire.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí àwọn méjèèjì ṣe jọra tó. Nígbà tí wọ́n gbé tuntun wọn jáde ní 2024, iye kan náà ni wọ́n fi lé wọn lórí: 25,999 dọ́là, kí owó orí àti owó ìwé tó wọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnì kan náà ló wà nínú wọn, Milwaukee-Eight 117, tó jẹ́ 1,923 cc. Táńkì epo wọn gba lítà 22.7. Táyà iwájú jẹ́ ínǹṣì 19, tẹ̀yìn jẹ́ 18. Ojú kọ̀ǹpútà wọn fẹ̀ tó ínǹṣì 12.3. Ìjókòó ọ̀kan ga ní mìlímítà 715, èkejì 720. Ìyàtọ̀ yẹn ò tó ohun tí ìdí máa mọ̀.

Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ wà níwájú. Ike ńlá tó bo iwájú alùpùpù ìrìn àjò, tí iná iwájú, rédíò, sípíkà, ojú kọ̀ǹpútà àti gíláàsì iwájú jọ ń gbé inú rẹ̀, ni àwọn òyìnbó ń pè ní fairing. Ìbòjú la máa pè é lónìí. Ìbòjú Street Glide tẹ́ rẹrẹ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n sì ń pè é ní ìyẹ́ àdán. Ti Road Glide ṣe ṣóńṣó síwájú, wọ́n ń pè é ní imú ekurá, ìyẹn ẹja ekurá inú òkun.

Ṣùgbọ́n bó ṣe rí lójú kọ́ ni pàtàkì. Ibi tí wọ́n dè é mọ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Orí fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin méjì tó di táyà iwájú mú, ni wọ́n de ìyẹ́ àdán mọ́. Bí ẹ bá yí háńdù sí ọ̀tún, gbogbo ẹ̀ á bá a lọ sí ọ̀tún: iná, rédíò, gíláàsì, gbogbo ẹ̀ pátá. Iwájú férémù, ìyẹn egungun alùpùpù fúnra rẹ̀, ni wọ́n de imú ekurá mọ́. Bí ẹ bá yí háńdù, fọ́ọ̀kì àti táyà nìkan ló máa yí. Ìbòjú ò ní kúrò lójú kan. Ẹ ronú nípa fìlà àti ògiri. Ibi tí orí bá yí sí ni fìlà ń kọjú sí. Ògiri iwájú ilé ò sì bìkítà ibi tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ń wò.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó ń sáré. Bí eré yín bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì yín á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ gbé eré kúrò ní máìlì 50 lọ sí máìlì 70 ní wákàtí kan, ó máa dà bí ẹni pé ẹ fi díẹ̀ kún un ni, àmọ́ ohun tó ń ti ìbòjú yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Agbára yẹn gbọ́dọ̀ gba ibì kan kọjá. Lórí ìyẹ́ àdán, ó ń gba fọ́ọ̀kì wọ inú háńdù, láti háńdù wọ ọwọ́ yín. Lórí imú ekurá, inú férémù ló ń lọ, férémù tí ẹ́ńjìnì ńlá àti ẹ̀yin fúnra yín ti fi ìwúwo tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi ara yín kọjá èwo ló rẹwà jù. Ẹ bi ara yín pé: ta ni mo fẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa bá jà?

Àwọn tó ṣe alùpùpù ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí fà á tipẹ́. Ní 1969 ni ìyẹ́ àdán kọ́kọ́ hàn lórí Electra Glide ti Harley. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, ní 1971, Craig Vetter, ọ̀gbẹ́ni ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìbòjú alùpùpù, gbé Windjammer rẹ̀ jáde, èyí tí èèyàn lè rà lọ́tọ̀ kó sì dè mọ́ férémù alùpùpù tó bá ní. Ní 1976, BMW gbé R 100 RS jáde, tí wọ́n dán ìbòjú rẹ̀ wò ní ilé iṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì, nínú yàrá tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ líle lu ọkọ̀, títí tó fi ní ìrísí tó ní. Harley náà wá ṣe Tour Glide ní 1980, wọ́n gbé ìbòjú rẹ̀ sórí férémù, wọ́n sì fi iná méjì sí i. Òun ni bàbá Road Glide, tó jáde ní 1998. Street Glide dé ní 2006. Ohun kan tó yẹ ká kíyè sí ni pé nígbà tí Harley tún àwọn alùpùpù ìrìn àjò wọn ṣe fún ọdún 2014, wọ́n ṣí ihò afẹ́fẹ́ kan sábẹ́ gíláàsì ìyẹ́ àdán, wọ́n sì fi Road Glide sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ní 2015 tó padà dé, ihò mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. A máa padà sórí àwọn ihò yìí, torí wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí eré ti kéré, nítorí ibẹ̀ ni alùpùpù ńlá ti ń ṣubú jù. Street Glide 2024 wọn kìlógíráàmù 368 pẹ̀lú epo nínú. Road Glide wọn 380. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ọ̀kadà lẹ fi kọ́ gígùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀kadà mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀. Ẹsẹ̀ ò lè gbé e dúró tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Nínú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí, tí ẹ bá fẹ́ ṣẹ́rí padà, ìyẹ́ àdán máa ń yí lójú yín, ẹ sì máa rí bí táyà ṣe yí tó. Èyí ń fi ọkàn àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n gùn balẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé gbogbo ẹrù tó wà nínú ìbòjú yẹn, ọwọ́ yín ló ń yí i. Bí ẹ bá ti yí háńdù dé òpin lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́, ìwúwo iwájú á fẹ́ fà á lọ síbẹ̀ pátá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń tẹ bíréèkì iwájú lójijì, tí alùpùpù á sì dùbúlẹ̀. Tí háńdù bá ti yí, bíréèkì ẹ̀yìn ni kí ẹ fi mú un, kí ẹ fi kílọ́ọ̀ṣì dárí eré rẹ̀.

Imú ekurá yàtọ̀. Háńdù rẹ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́, ó sì ń ya àwọn tó bá kọ́kọ́ gùn ún lẹ́nu pé ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ń yí wẹ́rẹ́. Ìṣòro tirẹ̀ wà lójú. Ẹ yí háńdù, ìbòjú ò yí, ọpọlọ á sì sọ fún yín pé alùpùpù ò gbọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á wá tún yí i sí i. Imú náà sì gùn síwájú débi pé ó bo ilẹ̀ tó wà nítòsí táyà, ẹ ò ní rí òkúta tàbí kòtò kékeré tó wà ní mítà kan síwájú yín. Oògùn rẹ̀ ni kí ojú yín kúrò lára ìbòjú, kí ẹ máa wo ibi tí ẹ fẹ́ lọ, ní mítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ọgbà ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ẹ ṣe òdo ńlá sí ọ̀tún, kí ẹ ṣe é sí òsì, kí ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọpọlọ á ti gbà pé ìbòjú lọ̀tọ̀, táyà lọ̀tọ̀.

Tí ẹ bá dé orí ọ̀nà márosẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà.

Ẹ fi ojú inú wo ọ̀nà I-80 ní ìpínlẹ̀ Wyoming, láàárín Laramie àti Rawlins. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ lọ salalu, kò sí igi tó máa dá ẹ̀fúùfù dúró, ìgbà míì sì wà tí wọ́n máa ń ti ọ̀nà náà mọ́ ọkọ̀ tó bá ga tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́, nítorí ẹ̀fúùfù lè bì í ṣubú. Ẹ wà lẹ́yìn tírélà kan, ẹ sì fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń sún mọ́ ìdí rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ti ya kúrò lára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Lórí ìyẹ́ àdán, háńdù á máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín, á fà sí ọ̀tún díẹ̀, á fà sí òsì díẹ̀. Bí ẹ ṣe ń bọ́ sí iwájú orí tírélà, afẹ́fẹ́ tí orí rẹ̀ ń tì á gbá gbogbo ojú ìbòjú náà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ á di háńdù mú gírígírí níbẹ̀, àṣìṣe sì nìyẹn. Ọwọ́ tó le ń dá ìgbọ̀nrìrì ara padà sínú háńdù. Ẹ jẹ́ kí ìgúnpá tẹ̀ díẹ̀, kí ìka di háńdù mú bí ẹni gbé ẹyin, kí orúnkún fún táńkì mọ́ra.

Lórí imú ekurá, tírélà kan náà, ẹ̀fúùfù kan náà, ẹ máa mọ̀ ọ́n ní ìdí àti ní itan yín ju ọwọ́ lọ. Gbogbo alùpùpù á sún sí ẹ̀gbẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi tí ìgbì tì, háńdù á sì dúró jẹ́ẹ́. A ò sọ pé ẹ̀fúùfù ò rí i mú. Ó ń rí i mú dáadáa, torí ìbòjú náà tóbi. Ọwọ́ yín ni kò ní jìyà rẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ rin máìlì 500 lóòjọ́, tí èjìká tàbí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ò lágbára mọ́, èrò wa ni pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìbòjú orí férémù, kó tó wo òmíràn. Fún ẹni tó jẹ́ pé àárín ìgboro Houston tàbí Baltimore ló ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́, tó sì ń fi òpin ọ̀sẹ̀ nìkan jáde, ìyẹ́ àdán á ṣe é lóore jù. Ọ̀nà tó ní kọ́nà púpọ̀ náà wà. US-129 tó wà láàárín Tennessee àti North Carolina, tí wọ́n ń pè ní Tail of the Dragon, ní kọ́nà 318 nínú máìlì 11. Níbẹ̀, háńdù tó fúyẹ́ ń dín àárẹ̀ kù, nítorí gbogbo kọ́nà ni ẹ fi ń yí ẹrù.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí ìgbárí, torí òun ló ń mú kí èèyàn ta alùpùpù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ìgbárí ni ká pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń gbá akoto yín síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí ojú ń gbọ̀n, tí ẹ ò lè ka pátákó ojú ọ̀nà dáadáa. Gíláàsì ń ti afẹ́fẹ́ sókè, ẹ̀yìn gíláàsì á wá ṣófo, afẹ́fẹ́ tó kù á sì máa sáré láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, àti láti ìsàlẹ̀ wá dí àlàfo náà. Níbi tí wọ́n ti ń pàdé ni ìjà wà, bí ibẹ̀ bá sì jẹ́ ibi tí orí yín wà, ẹ ti wọ wàhálà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ihò tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan fi wúlò: wọ́n ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọlé sẹ́yìn gíláàsì ní ìrọ̀rùn, kí àlàfo má baà fa èyí tó le wọlé. Ẹ ṣí wọn. Ọ̀pọ̀ máa ń tì wọ́n pa nítorí òtútù, wọ́n á sì máa ráhùn pé orí ń fọ́ àwọn.

Lórí ìyẹ́ àdán, afẹ́fẹ́ tún ń gba àárín fọ́ọ̀kì àti táńkì gòkè wá sí àyà àti àgbọ̀n. Ike kékeré méjì wà tí wọ́n ń dè mọ́ fọ́ọ̀kì láti dí ọ̀nà yẹn, kò sì wọ́n rárá. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ kí ẹ tó lọ ra gíláàsì gíga. Lórí imú ekurá, gíláàsì jìnnà sí yín, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó kọjá lórí rẹ̀ ní àyè láti wálẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó kúrú lè má mọ nǹkan kan, kí ẹni tó ga lórí alùpùpù kan náà máa jẹ ìyà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gba ìmọ̀ràn gíláàsì lọ́wọ́ ẹni tí gíga rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín. Ẹ wọ bàtà, jákẹ́ẹ̀tì àti akoto tí ẹ máa ń wọ̀, kí ẹ jókòó sórí alùpùpù, kí ẹnì kan bá yín mú un dúró ṣánṣán, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì síbi ìtẹ̀sẹ̀. Kí ẹlòmíràn fi rúlà gígùn tàbí igi títọ́ lélẹ̀ gbọọrọ láti ojú yín lọ sí gíláàsì. Etí òkè gíláàsì gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 nísàlẹ̀ ìlà yẹn, ìyẹn déédéé imú yín. Orí gíláàsì lẹ ó máa wò kọjá, kì í ṣe inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rin nínú òjò lóru mọ ìdí rẹ̀: omi àti òkú kòkòrò lára gíláàsì máa ń tú iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ ká, títí tí gbogbo iwájú á fi di funfun.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí ọ̀nà. Ní máìlì 70 ní wákàtí kan, níbi tí ọ̀nà bá ti tọ́ tí ọkọ̀ ò pọ̀, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ òsì sókè díẹ̀díẹ̀ lókè akoto yín títí ẹ ó fi kan afẹ́fẹ́ tó mọ́, tó ń lọ gaara. Bí ó bá wà ní ìwọ̀n ọwọ́ kan péré lókè akoto, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó dára. Bí ó bá jẹ́ iwájú orí yín gan-an ló wà, gíláàsì kúrú. Ínǹṣì méjì méjì ni kí ẹ máa fi kún un tàbí yọ kúrò, torí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tà. Gíláàsì tó ga jù lè burú ju èyí tó kúrú lọ, nítorí ó ń fẹ àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀. Lórí ìyẹ́ àdán, ó tún ní ewu kejì: gíláàsì gíga dà bí ọ̀pá gígùn tí afẹ́fẹ́ ń fi yí fọ́ọ̀kì. Ọgbọ́n kan tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé kí wọ́n fi wọ́ṣà rọ́bà sẹ́yìn gíláàsì níbi bóòtù, kí àlàfo tó tó sẹ̀ǹtímítà kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé, ìgbárí á sì dín kù láìná ju dọ́là mélòó kan lọ. Tí ẹ bá ń de bóòtù rẹ̀ padà, ẹ fi ọwọ́ mú gbogbo wọn tán ná, kí ẹ wá fi irinṣẹ́ fún wọn díẹ̀díẹ̀. Ike ni; bí ẹ bá fún ọ̀kan pa kí ẹ tó kan èkejì, á sán láti etí ihò bóòtù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìbòjú tàn yín pé etí yín ò nílò ààbò. Ẹ máa fi fóòmù dí i. Ariwo afẹ́fẹ́ inú akoto ní eré ọ̀nà márosẹ̀ ń kọjá 90 dB (désíbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo), wákàtí mẹ́rin irú rẹ̀ sì ń ba etí jẹ́ láìsí ìrora kankan.

Ọ̀rọ̀ ooru, ní ṣókí. Ìbòjú ìsàlẹ̀, èyí tó ń bo ojúgun, ń gba òjò àti òtútù lára yín, ó sì ń sé ooru ẹ́ńjìnì mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ní Colorado nínú oṣù Kẹwàá, ẹ máa dúpẹ́ pé ẹ ní i. Ní Texas nínú oṣù Kẹjọ, ẹ yọ ọ́.

Tí ẹ ò bá fẹ́ Harley, ìbéèrè náà ò yí padà. Ilé iṣẹ́ alùpùpù Indian ní Chieftain, tí ìbòjú rẹ̀ wà lórí fọ́ọ̀kì, wọ́n sì gbé Challenger jáde fún ọdún 2020 pẹ̀lú ìbòjú orí férémù. Àwọn méjèèjì ní gíláàsì tó ń fi iná mànàmáná gòkè sọ̀kalẹ̀, èyí tí Harley méjì tí à ń sọ yìí ò ní. Honda Gold Wing bẹ̀rẹ̀ ní 1975 láìní ìbòjú rárá. Ní 1980 ni èyí tó ti ilé iṣẹ́ gbé ìbòjú wá kọ́kọ́ dé, férémù ni wọ́n sì dè é mọ́ títí dòní. BMW R 1250 RT náà, tó wà lọ́jà kí R 1300 RT tó gba ipò rẹ̀ ní 2025, orí férémù ni tirẹ̀ wà, gíláàsì rẹ̀ ń fi mọ́tò gòkè, ó sì wọn kìlógíráàmù 279 péré. Ẹni tí ìwúwo ń bà lẹ́rù gbọ́dọ̀ gùn ún wò kó tó sanwó fún òmíràn. Harley ti ṣe Road King fún ẹni tí kò fẹ́ ìbòjú: gíláàsì kan ṣoṣo tí ẹ lè yọ kúrò láàárín ìṣẹ́jú kan láìlo irinṣẹ́.

Nígbà tí ẹ bá wá lọ gùn wọ́n wò, ẹ má gba ìyípo ìṣẹ́jú márùn-ún yíká ilé ìtajà. Afẹ́fẹ́ ni ń fi fùrọ̀ adìyẹ hàn, afẹ́fẹ́ ò sì sí nínú ilé ìtajà. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ogún nínú rẹ̀ jẹ́ orí ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ gun méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, lọ́nà kan náà, pẹ̀lú akoto kan náà. Akoto yàtọ̀ síra, èyí tó ní imú gígùn lókè lè mú ìgbárí wá tí ẹ ó fi dá alùpùpù lẹ́bi. Bí ẹ bá máa ń gbé ẹnì kejì, ẹ mú un dání. Orí ẹni ẹ̀yìn ga ju tiyín lọ, ìgbárí tí ẹ ò mọ̀ lè máa pa á lára.

Ẹ ronú nípa háńdù pẹ̀lú. Inú ìyẹ́ àdán ni háńdù gba kọjá, nítorí náà kì í ṣe gbogbo háńdù gíga tàbí èyí tó fẹ̀ ló bá a mu. Lórí imú ekurá, háńdù dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ sì lè fi èyí tó bá èjìká yín mu síbẹ̀. Tí ẹ bá gbé e ga, ẹ rántí pé wáyà àti ọ̀pá omi bíréèkì náà gbọ́dọ̀ gùn sí i. Ẹ yí i dé òpin lọ́tùn-ún lósì kí ẹ tó gùn ún, kí ẹ rí i pé kò sí èyí tó ń fà.

Àwọn kan máa ń wá pẹ̀lú ẹ̀sùn pé ìyẹ́ àdán àwọn ń mi bí wọ́n bá ti kọjá máìlì 75. Ìbòjú ni wọ́n ń bú. Lóòótọ́, ó lè fi kún un, àmọ́ kì í sábà jẹ́ òun nìkan. Ẹ kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́ táyà kí táyà tó gbóná. Lára ọ̀pọ̀ Harley ìrìn àjò, 36 psi ni ti iwájú, 40 psi ni tẹ̀yìn. Ẹ fi ìwé tó lẹ̀ mọ́ férémù tiyín dá a lójú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà iwájú síwájú àti sẹ́yìn: bí ó bá ń gún yín lápá kan tó sì ń yọ̀ lápá kejì, ó ti jẹ ní ọ̀nà tí kò dọ́gba. Ẹ ṣí àpótí tó wà lẹ́yìn ẹni kejì. Ẹrù tó wúwo níbẹ̀ ga, ó sì jókòó sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, á máa gbé iwájú fúyẹ́, fọ́ọ̀kì tó sì fúyẹ́ pẹ̀lú ìbòjú ńlá lórí rẹ̀ ni ń mi. Ohun wúwo, ẹ kó o sínú àpótí ẹ̀gbẹ́, kó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Tí ó bá mì nígbà tí ẹ wà lórí ìrìn, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, ẹ má sì já gáàsì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rọra dín in kù, kí ẹ dẹ ọwọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Lórí ìyẹ́ àdán, ẹ tan án sí inú ìbòjú níbi tí wọ́n ti de ike mọ́ irin, nítorí ìgbọ̀nrìrì ń la ike níbẹ̀, sípíkà ńlá tí wọ́n fi kún un sì ń mú un yá. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ìbòjú mú, kí ẹ mì ín. Kò gbọ́dọ̀ dún. Lórí imú ekurá, ẹ wo irin tó so ìbòjú mọ́ ọrùn férémù. Bí ìbòjú bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bó ti wù kó kéré tó, alùpùpù náà ti ṣubú rí tàbí ó ti kọ lu nǹkan. Ẹ wo gíláàsì náà lójú oòrùn: ìlà wẹ́wẹ́ tó ń yí po ń fi hàn pé wọ́n ti fi aṣọ gbígbẹ nù ún, tàbí pé wọ́n fi omi ìnugíláàsì tó ní amóníà fọ̀ ọ́. Ike ni, kì í ṣe gíláàsì lóòótọ́. Aṣọ tútù ni wọ́n ń tẹ́ lé e fún bíi ìṣẹ́jú 15, kí kòkòrò tó ti gbẹ rọ̀, kí wọ́n tó fi aṣọ rírọ̀ nù ún.

Ní ìparí àyẹ̀wò, ẹ ní kí wọ́n gbé iwájú rẹ̀ sókè kí táyà kúrò nílẹ̀. Ẹ di ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì mú, kí ẹ fà á síwájú, kí ẹ tì í sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbọ́ kọ̀, bíárìn ọrùn, ìyẹn èyí tí fọ́ọ̀kì ń yí lé nínú ọrùn férémù, ti tú. Ẹ wá yí háńdù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti òsì kọjá sí ọ̀tún. Bí ó bá há ní àárín, bí ẹni pé ó já sínú ihò kékeré, bíárìn náà ti jẹ. Ẹ yọ owó rẹ̀ àti owó iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tún yí háńdù náà wò fúnra yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.